Idà Lọ́wọ́ Ọmọdé: Ojú Òpó Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ àti Àwọn Ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìrókò kan ti ń hù láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Òkè-Ògùn láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn àgbà ń wò ó, wọ́n ń bomi rin ín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi owó oúnjẹ ilé ra ajílẹ̀ fún un. Fóònù tí ó ń gbé ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ wọlé tọ ọmọdé wá ni ìrókò náà, dátà sì ni ajílẹ̀ rẹ̀.

Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Òkèehò tàbí ní Kìṣí, kí ènìyàn rọra rìn gba iwájú ilé kọjá. Ibi tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí láyé àtijọ́ láti pa àlọ́, láti ta ayò, tàbí láti bá ara wọn jiyàn lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Ṣùgbọ́n kò sí ariwo mọ́. Ọmọ márùn-ún jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ìmọ́lẹ̀ fóònù tàn sí wọn lójú, ẹnì kan kò sì bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara wọn ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Bí ìyá wọn bá pe ọ̀kan nínú wọn, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ó tó dáhùn. Òbí yóò wá sọ pé, “Ó kúkú sàn, kò jáde lọ síbi kankan.” Irọ́ ni. Ọmọ náà ti jáde, ó ti rìn jìnnà ju Èkó lọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dé sí.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a rántí bí nǹkan ṣe dé ibi tí ó dé. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni ìpè GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìpè ni fóònù wà fún nígbà náà, owó ìṣẹ́jú kan kò sì kéré. Kò sí òbí tí yóò gbé e fún ọmọdé láti fi ṣeré. Wọ́n dá Facebook sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004. WhatsApp dé ní 2009, Instagram dé ní 2010. TikTok, tí ilé-iṣẹ́ ByteDance ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká àgbáyé láti 2017. Facebook ra Instagram ní 2012, ó sì ra WhatsApp ní 2014, tí ó fi jẹ́ pé olówó kan náà ni ó ni mẹ́ta nínú mẹ́rin tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti ilé-ìwé pa káàkiri ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá gba iṣẹ́ lórí WhatsApp. Òbí tí kò ní in lọ́kàn láti ra fóònù fún ọmọ ọdún méjìlá wá owó, ó rà á. Nígbà tí ó yá, ilé-ìwé ṣí padà, ọmọ padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n fóònù kò padà sọ́wọ́ òbí mọ́.

Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sọ pé ẹ̀rọ yìí kò wúlò, tàbí pé kí á kó gbogbo rẹ̀ dà sínú Odò Ògùn. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń fi í pàtẹ ètù àti àlàárì fún oníbàárà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àgbẹ̀ ń fi í bèèrè iye tí wọ́n ń ta àgbàdo kí ó tó háyà ọkọ̀ lọ sí ọjà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, orí ojú òpó yìí ni àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti kó ara wọn jọ láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS, gbogbo ayé sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ahunṣọ tí ó ń tajà àti àgbẹ̀ tí ó ń béèrè owó ọjà, àgbà ni wọ́n. Ọ̀bẹ ni a fi ń gé iṣu. Síbẹ̀, kò sí abiyamọ tí ó ń gbé ọ̀bẹ sórí ẹní ọmọ ọwọ́ nítorí pé ọ̀bẹ wúlò. Ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé a kò ṣe ojú òpó wọ̀nyí fún ìrọ̀rùn ọmọ wọn. Ọmọ kò san kọ́bọ̀ fún Facebook, kò sì sanwó fún TikTok. Ta ni ó wá ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn? Àwọn onípolówó ọjà ni. Kí ni àwọn onípolówó ń rà? Ojú ọmọ àti àkókò ọmọ ni wọ́n ń rà. Nítorí náà, iṣẹ́ ojú òpó ni kí ó rí i pé ọmọ kò gbé ojú kúrò. Ìwé ní ojú ewé ìkẹyìn. Àlọ́ ní ìparí. Ọjà alẹ́ pàápàá ń tú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, Aza Raskin, ará Amẹ́ríkà, dá ọgbọ́n kan tí ojú ìwé orí ẹ̀rọ kò fi ní ìsàlẹ̀ mọ́: bí ìka ṣe ń fà á sókè, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń yọ láti abẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ní 2009, Facebook fi àmì àtàǹpàkò tí a fi ń sọ pé “ó wù mí” síbẹ̀, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ènìyàn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ìgbà tí alágbàtà ń ka owó. Ní 2017, Sean Parker, tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ Facebook, jẹ́wọ́ pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ lo àìlera ọkàn ènìyàn ni, kí àwọn lè gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀. Bí ẹni tí ó gbẹ́ kòtò bá sọ fún ni pé kòtò ni òun gbẹ́, ẹni tí ó tún ń sọ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, kí ni a fẹ́ pè é?

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fúnra wọn ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ ohun tí yóò ṣe: yóò yí ọdún ìbí rẹ̀ padà, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ojú òpó kọ́ ọmọ ni irọ́ pípa, ẹnu ọ̀nà gan-an ni ó sì ti kọ́ ọ.

Ohun kìíní tí ó ń sọnù ni sùúrù. Ìlú aṣọ òkè ni Ìsẹ́yìn. Ọmọ tí ó bá jókòó sídìí òfì kò lè kánjú. Fọ́nrán òwú tí ó bá já, dandan ni kí ó so ó. Ibi tí kò bá gún, yóò tú u, yóò sì tún un hun. Bí ó ṣe ń hun aṣọ ni aṣọ náà ń hun òun náà, tí ó ń sọ ọ́ di ẹni tí ó lè dúró ti iṣẹ́ títí yóò fi parí. Irú sùúrù yìí kan náà ni ìwé kíkà ń béèrè. Ọmọ tí ó fẹ́ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní 1938, yóò kọ́kọ́ rìn wọ inú igbó náà ní ojú ewé bíi mélòó kan kí adùn rẹ̀ tó mú un. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti mọ́ fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní dé ibi tí adùn wà. Yóò sọ pé ìwé náà kò dùn. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá ní kí kíláàsì kọ àròkọ ojú ewé méjì mọ ohun tí a ń wí: ìlà mẹ́fà ni àwọn mìíràn ń kọ, ọ̀rọ̀ á ti tán lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé ọpọlọ wọn kò pé. A ti kọ́ ọpọlọ náà láti máa fò ni, a wá ń bínú pé kò lè rìn.

Ohun kejì ni òtítọ́ inú gbọ̀ngán ìdánwò. Ìwà jìbìtì nínú ìdánwò ti wà kí fóònù tó dé, ṣùgbọ́n fóònù ti fún un ní ìyẹ́. Láyé ọjọ́sí, ìwé pélébé inú àpò aṣọ ni. Lónìí, orí ẹgbẹ́ WhatsApp àti Telegram ni wọ́n ti ń pín ìdáhùn kí ìbéèrè tó dé ọwọ́ olùṣọ́ ìdánwò. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti àjọ WAEC kò bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ilẹ̀ ṣú bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngán ní ọ̀pọ̀ ibi, iná tọ́ọ̀ṣì ni àwọn mìíràn fi kọ ọ́. Àjọ WAEC ṣàlàyé pé akitiyan láti dènà jíjò ìbéèrè ni ó fa ìdádúró náà. Ẹ wo ìyà tí ó jẹ ọmọ tí kò wá ìbéèrè jíjí kiri, tí ó kàwé rẹ̀ láti òru, tí ó wá ń wá ojú òun fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn nítorí àwọn tí ó ń tà á àti àwọn tí ó ń rà á.

Ohun kẹta ni èdè. Lórí ojú òpó, “oko” ni wọ́n kọ fún oko tí àgbẹ̀ ń ro, “oko” ni wọ́n kọ fún ọkọ́ tí ó fi ń ro ó, “oko” náà ni ọkọ ìyàwó, “oko” sì tún ni ọkọ̀ tí ó gbé wọn lọ. Ẹni tí ó ń kà á ní láti máa méfò. Àwọn ọmọ ti gbé e wọ inú ìwé ìdánwò, wọ́n sì ń yà á lẹ́nu pé wọ́n já máàkì wọn. Àwáwí pé ẹ̀rọ kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ti kọjá. Fóònù òde òní ń kọ ẹ̀, ń kọ ṣ, ń fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ. Ẹ̀rọ kọ́ ni kò lè ṣe é. Àwa ni kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ.

Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí burú, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ojú òpó ń kọ́ ọmọ pé owó lè dé láìsí iṣẹ́. Ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yóò rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró ti ọkọ̀ olówó ńlá, tí ó ń ju owó sókè. Kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà jẹ́ ti ẹni náà tàbí ó yá a. Kò ní mọ̀ bóyá jìbìtì ni. Ohun tí yóò mọ̀ ni pé ọwọ́ bàbá òun le koko, owó kò sì sí nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni oko ti di ìtìjú, tí òfì di iṣẹ́ aláìríṣẹ́, tí ọmọ ilé-ìwé fi ń béèrè ọ̀nà Yahoo lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ibi tí ọ̀nà náà parí sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní àdúgbò Òkè-Àrẹ̀gbà ní Abẹ́òkúta. Ọlọ́pàá ní wọ́n pa ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́bìnrin ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì bá orí rẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n ń dáná sí, pé wọ́n fẹ́ fi ṣe oògùn owó. Àwọn tí a fẹ̀sùn náà kàn, láti ọmọ ọdún 17 sí ọmọ ogún ọdún ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook ni òun ti rí i. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àgbà awo. Kì í ṣe inú igbó. Inú fóònù ni, ní orí ibùsùn ọmọ, nínú ilé òbí.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní kí ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí ìpànìyàn fún ètùtù owó. Àwọn aláṣẹ sì nàka sí àwọn òṣèré sinimá. Sinimá kò mọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1993 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ sinimá wò sílẹ̀, tí ó lè sọ pé èyí kò yẹ fún ọmọdé. Ta ni ó yẹ fídíò tí ọmọ ọdún 17 wò lóru wò? Kò sí ẹnì kankan. Ẹni tí ó bá sọ pé Abẹ́òkúta jìnnà sí Òkè-Ògùn, kí ó rántí pé Odò Ògùn tí ó ṣẹ̀ ní ìtòsí Ṣakí ni ó ń ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá. Omi a máa lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Fídíò kò lo ìṣẹ́jú kan kí ó tó dé ìhín.

Ìyà ọmọbìnrin tún gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní 2021, Frances Haugen, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Facebook, tú àṣírí ìwé inú ilé-iṣẹ́ náà síta, ó sì jẹ́rìí níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti Amẹ́ríkà. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́mọbìnrin, 32 ni ó sọ pé bí ara wọn kò bá ti dùn mọ́ wọn tẹ́lẹ̀, Instagram a máa mú un burú sí i. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ọmọbìnrin tí Ọlọ́run dá ní adúláwọ̀ rere yóò wo àwòrán tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ bó, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fún ní ìdí, yóò wá gbà pé òun ni kò dára. Ìpara ìbóra ni yóò kàn.

Àjèjì tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ tún wà níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2012, ọmọbìnrin kan tí ó ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Nasarawa wá sí Èkó nítorí àwọn tí ó bá pàdé lórí Facebook. Wọ́n pa á sí ilé ìtura kan ní Festac. Ní 2017 ni ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún méjì nínú àwọn tí ó ṣe é. Àgbà ni ọmọbìnrin yẹn, ó kàwé, ó mọ ayé. Bí wọ́n bá lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tan irú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó wà ní kíláàsì kẹta, tí ẹnì kan ń pè ní arẹwà lóròòru, kí ni yóò gbà á?

Irọ́ náà ń pa ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, ìròyìn fò láti fóònù dé fóònù pé kí gbogbo ènìyàn mu omi iyọ̀, kí wọ́n sì fi í wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ìròyìn ti dé pé ènìyàn méjì kú nítorí omi iyọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà á gbọ́ ní òru ọjọ́ yẹn. Ọmọdé tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ yóò gba èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́.

Àwọn kan yóò dìde báyìí láti sọ pé àsọdùn ni gbogbo èyí. Wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bàbá ńlá wa pariwo nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ayé kò sì parẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò jọ ọ́ tó. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀, gbogbo ilé ni ó jọ ń wò ó. Bí ohun tí kò tọ́ bá hàn, bàbá yóò wúkọ́, ìyá yóò sì pa á. Ó ní àkókò tí ó ń ṣí, ó ní àkókò tí ó ń tì. Kò mọ orúkọ ọmọ. Kò mọ ohun tí ó bà á nínú jẹ́ lánàá láti fi í pè é lónìí. Fóònù mọ gbogbo rẹ̀, abẹ́ aṣọ ìbora ni ó sì ti ń bá ọmọ sọ ọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀làjú ni, pé ẹni tí ó bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ fẹ́ dá a padà sí ayé àtijọ́. Kí wọ́n wo àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀làjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọsirélíà ṣe òfin pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ní ojú òpó tirẹ̀. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ tí ó bá rú u ni yóò sì san owó ìtanràn, kì í ṣe ọmọ tàbí òbí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Vivek Murthy, tí ó jẹ́ olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kìlọ̀ pé ewu àìsàn ọkàn di ìlọ́po méjì fún ọ̀dọ́ tí ó bá ń lò ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ lórí àwọn ojú òpó yìí. Ṣáínà tilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó lágbára jù. ByteDance tí ó ni TikTok ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò nílé, Douyin ni orúkọ rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìṣẹ́jú 40 péré ni wọ́n gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 lò níbẹ̀ lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀. Bí alásè bá ń fi ṣíbí kékeré bu ọbẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀, tí ó wá gbé odindi ìkòkò fún ọmọ aládùúgbò, ó yẹ kí aládùúgbò béèrè ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ náà.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ọmọdé kọ́. Ọmọ kì í fi owó ara rẹ̀ ra fóònù. Òbí ni ó rà á, kí ọmọ má baà yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí kí ojú má baà ti òun láàárín ẹgbẹ́. Ìyá tí ó ń fi fóònù dá ọmọ ọdún méjì lẹ́kún kò ní ẹnu láti bá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wí. Olùkọ́ kò mọ́ nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń wo fídíò nígbà tí kíláàsì ń kọ iṣẹ́, tí ó ń sọ iṣẹ́ àṣetiléwá sórí WhatsApp nítorí ọ̀lẹ, tàbí èyí tí ó burú jù, tí ó ń gba owó láti ju ìdáhùn ìdánwò sórí ẹgbẹ́, òun gan-an ni ó fi idà lé ọmọdé lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, nígbà tí fídíò kan tí ó kan ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Èkó gba ìgboro, àwọn wo ni ó ń pín in kiri? Àwọn àgbà ni, tí wọ́n ń sọ pé “ẹ wo ohun tí ayé dà,” tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015 ka pínpín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ẹ̀wọ̀n nínú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ yẹn, àwọn àgbà ọjà ni ó wọ́ orí ọmọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ní ìparí tí ó ṣeé ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, kí òbí má ra fóònù tí ó ń gbé ojú òpó wọlé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Bí ó bá pọn dandan kí ọmọ máa pe ilé, fóònù kékeré tí kò ní ju ìpè lọ wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Fóònù ilé ni kí ó fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ní pálọ̀, lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sì sun síta nígbà tí ọmọ bá ń wọlé sùn. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ilé-ìwé gbogbo ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn máa gba fóònù lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì dá a padà nígbà tí agogo ìkẹyìn bá lù. Kí òfin náà sì mú olùkọ́ nínú kíláàsì bí ó ti mú akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ìjọba wa tí ó fi oṣù méje ti Twitter pa, láti oṣù kẹfà 2021 sí oṣù kìíní 2022, nítorí ọ̀rọ̀ ààrẹ tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀, fi ìdajì agbára yẹn béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ohun tí wọ́n ń fi han ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ṣùgbọ́n a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ kí a má fi òmíràn dí i. Ọmọ tí kò ní ibi tí yóò lọ ni fóònù ń gbà lálejò. Ìsẹ́yìn ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2010 ni Dókítà Wale Okediran dá ilé àwọn òǹkọ̀wé tí à ń pè ní Ebedi sílẹ̀ nínú ìlú náà. Àwọn òǹkọ̀wé láti Nàìjíríà àti láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà ń wá gbé ibẹ̀ láti kọ ìwé, wọ́n sì ń lo àkókò láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àdúgbò ní kíkọ àti kíkà. Ẹ ronú sí i: ọmọ Ìsẹ́yìn jókòó ti òǹkọ̀wé tí ó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, ó ń bi í léèrè bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn. Kò béèrè dátà. Kí ló dé tí Ṣakí kò fi lè ní ẹgbẹ́ ìwé kíkà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí Kìṣí kò fi lè ní ìdíje òwe àti ìjálá láàárín ilé-ìwé, tí Òkèehò kò fi lè ní àlọ́ alẹ́ nígbà ìsinmi? Olùkọ́ kan àti ìwé mẹ́wàá tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìhín, ẹ ti ṣe ohun tí ojú òpó kò fẹ́ kí ẹ ṣe: ẹ ka nǹkan gígùn tán. Ẹ gbé e wò ní ọjọ́ méje. Ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ lò lórí fóònù sínú ìwé lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rántí nínú ohun tí ẹ rí síwájú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá pé, ẹ ka méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wọn kọ tiyín, kí ẹ sì kà á fún wọn létí.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn tí ó ń ra ilé náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ ọmọ ni wọ́n gbà wọlé. Ìrókò náà ṣì kéré. Àdá wà lọ́wọ́ àgbà.